Kíkọ Ọ̀rọ̀ Aṣínà Sínú Ìwé Nínú Ilé: Bí A Ṣe Ń Ṣe É Láìséwu

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni wọ́n ti kìlọ̀ fún pé a kò gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà (páásíwọ́ọ̀dù) sílẹ̀ rárá. Ìkìlọ̀ náà bójú mu ní ọ́fíìsì tí èrò pọ̀ sí, níbi tí ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ẹni tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ti lè ka ohun tí a lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà. Nínú ilé ẹni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọmọ Yàhúù tó jókòó sí yàrá kan ní ìlú tí a kò mọ̀, tó ń wá bí yóò ṣe wọ inú ímeèlì wa, kò lè na ọwọ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ní Èbúté Mẹ́ta. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ jù lọ ni pé ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo ni a ń lò káàkiri, tí ó sì jẹ́ orúkọ ọmọ wa pẹ̀lú ọdún tí a bí i, nítorí pé orí wa kò gba ju ìyẹn lọ. Láti ọdún 2005 ni Bruce Schneier, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà, ti gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ aṣínà tó le sórí bébà kékeré, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn bébà iyebíye tó kù nínú pọ́ọ̀sì wọn. Lọ́dún kan náà ni Jesper Johansson, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft nígbà náà, sọ ohun tó fara jọ ọ́ níta gbangba.

Mo fara mọ́ ìmọ̀ràn wọn, àfi ti pọ́ọ̀sì nìkan. Ẹni tó bá ń wọ dáńfó láti Òṣòdì lọ sí CMS kò ní bi mí ní ìdí rẹ̀.

Èkó tilẹ̀ fún wa ní ìdí mìíràn tí bébà fi yẹ. Fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbogbo nǹkan pa mọ́ sí, fóònù yìí kan náà ni wọ́n sì ń já gbà lójú fèrèsé ọkọ̀ nínú gósílóò. Bí ó bá ti lọ, ọ̀rọ̀ aṣínà lọ, nọ́ńbà tí wọ́n máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí lọ, ẹni tó ni ín yóò sì máa tọrọ fóònù lọ́wọ́ ọmọ àbúrò láti wọ inú ímeèlì tí kò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ìwé tó wà nílé ni yóò yọ ọ́. Bí a ó ṣe ṣe é nìyí.

Ìkíní: ìwé àti bíró

Ẹ ra jọ́tà kékeré tí wọ́n fi okùn rán lẹ́yìn, kì í ṣe èyí tí ewé rẹ̀ ń já sílẹ̀ bí a bá ti ṣí i. Kí ó má jẹ́ dáyárì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ẹgbẹ́ tí orúkọ yín wà lára rẹ̀, kí ẹ má sì kọ ohunkóhun sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí yóò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé tí ọmọ ń lò ní ilé-ìwé kò yẹ rárá, nítorí pé bí sáà bá ti parí, ìwé bẹ́ẹ̀ a máa di ohun tí wọ́n ń kó fún ìyá ẹlẹ́pà tàbí alákàrà láti fi di ọjà. Ó pọ̀ nínú wa tó ti jẹ ẹ̀pà tán tó sì wá ń ka iṣẹ́ ìṣirò ọmọ ọlọ́mọ lára bébà tó fi gbà á.

Bíró lásán ni kí ẹ fi kọ ọ́. Tàdáwà rẹ̀ ní òróró nínú, omi kì í tètè pa á rẹ́, ṣùgbọ́n jẹ́ẹ̀lì dídán tí àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ràn máa ń ṣàn bí omi bá kàn án. Bébà rìsíìtì POS kò dára fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ooru máa ń sọ ọ́ di dúdú. Kí ẹ sì fi káádì líle sí abẹ́ ojú ewé tí ẹ ń kọ̀wé sí. Bí ẹ kò bá fi sí i, ìtẹ̀ bíró yóò hàn lára ojú ewé kejì, ẹni tó bá sì fi pẹ́ńsù ra á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè ka gbogbo rẹ̀ kódà bí ẹ bá ti ya ti àkọ́kọ́ dànù.

Ìkejì: ohun tí a ó kọ, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀

Ímeèlì ló ṣáájú. Ọ̀pọ̀ àkáǹtì yòókù ni ẹni tó bá ní ímeèlì yín lè fi «mo ti gbàgbé» ṣí, nítorí náà òun ni kí ẹ fi ojú ewé àkọ́kọ́ fún, kí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ má sì jọ ti ibòmíràn kankan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kóòdù ìpamọ́ (backup codes) tí Google máa ń fúnni láti lò dípò kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí fóònù: mẹ́wàá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ òǹkà mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni yóò jẹ́ kí ẹ lè wọlé láti orí fóònù ẹlòmíràn kí ẹ tó rí àyè lọ ṣe «wẹ́kọ́ọ̀mù báàkì» síìmù tó sọnù. Bí ẹ bá ti lo ọ̀kan, ẹ fagi lé e lójú ẹsẹ̀. PIN òǹkà mẹ́fà ti WhatsApp náà yẹ kó wà níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni áàpù náà máa ń bèèrè rẹ̀, ọjọ́ tó bá sì wá bèèrè ní tòótọ́ ni kì í wá sí ìrántí.

Ẹ má gbàgbé síìmù. Ẹni tó bá já fóònù gbà lè yọ síìmù kúrò nínú rẹ̀, kí ó fi sínú fóònù mìíràn, kí kóòdù báǹkì sì máa wọlé sí i lọ́wọ́. Ìdí nìyí tó fi dára kí a fi PIN ti síìmù pa. Bí a bá tẹ PIN náà ní àṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù yóò tì, yóò sì béèrè PUK, tí í ṣe òǹkà mẹ́jọ tí wọ́n tẹ̀ sára káàdì tí a ti yọ síìmù nígbà tí a rà á. Bí a bá tẹ PUK náà ní àṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù kú nìyẹn. Ẹ kọ PUK sínú ìwé yìí, nítorí káàdì yẹn kì í pẹ́ sọnù nínú ilé. Kí ẹ tó tan PIN síìmù fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí ẹ ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ohun tí PIN ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́, ẹ má ṣe máa méfò.

Àwọn tó kù ni Wi-Fi ilé, àkáǹtì JAMB ọmọ, pọ́tàlì ilé-ìwé, àti ibi tí ẹ ti ń ra ọjà.

PIN káàdì ATM, PIN áàpù báǹkì àti PIN tí a ń tẹ̀ fún USSD kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé náà. Òǹkà mẹ́rin péré ni púpọ̀ nínú wọn, orí lè gbé wọn, àwọn báǹkì pàápàá sì ń kìlọ̀ pé kí a má kọ wọ́n sílẹ̀. NIN àti BVN kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà, ṣùgbọ́n kí ẹ má kọ wọ́n sí ibẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tó bá rí òǹkà mọ́kànlá wọ̀nyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín ti ní èyí tó tó láti máa pe ara rẹ̀ ní ẹ̀yin.

Ìkẹta: bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìwé ni yóò bá wa rántí, kò sí ìdí tí ọ̀rọ̀ aṣínà fi gbọ́dọ̀ rọrùn láti rántí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a má fi orí ara wa ronú kàn án rárá, nítorí orí ènìyàn kì í lọ jìnnà: orúkọ ọmọ, orúkọ àdúgbò, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹsẹ Bíbélì, nọ́ńbà fóònù àtijọ́. Òwe kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fi «ileobatojoewalobusi» ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà rò pé òun nìkan ló gbọ́ òwe náà ni.

Ẹ mú dáìsì lúdò méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọ̀kan pupa, èkejì funfun. Lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 26, òǹkà láti 0 dé 9 jẹ́ 10, àpapọ̀ wọn jẹ́ 36, èyí tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú iye ọ̀nà tí dáìsì méjì lè gbà balẹ̀. Ẹ to wọ́n sórí bébà báyìí:

1: a b c d e f
2: g h i j k l
3: m n o p q r
4: s t u v w x
5: y z 0 1 2 3
6: 4 5 6 7 8 9

Dáìsì pupa ni yóò sọ ìlà tí a ó wò, funfun ni yóò sọ èyí tí a ó mú lórí ìlà náà. Bí pupa bá mú 3 tí funfun sì mú 5, q ni a ó kọ. Bí pupa bá mú 6 tí funfun sì mú 1, òǹkà 4 ni. Ẹ dà á lẹ́ẹ̀mejìlá fún àkáǹtì lásán, lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá fún ímeèlì. Ọ̀rọ̀ aṣínà onílẹ́tà méjìlá tí a ṣe báyìí jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú iye tó ju bílíọ̀nù mẹ́rin lọ́nà bílíọ̀nù kan, kò sì sí ohun kankan nínú ìgbésí ayé yín tí ẹnikẹ́ni lè wò láti fi mọ̀ ọ́n. Bí dáìsì kan ṣoṣo ló kù nínú lúdò ilé yín, ẹ dà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ìdà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìlà.

Ohun tó bá jáde ni kí ẹ gbà. Bí a bá ń sọ pé «èyí kò dára, ẹ jẹ́ kí n tún un dà», a ti tún gbé orí wa padà sínú iṣẹ́ náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ibi ni yóò béèrè lẹ́tà ńlá àti àmì. Ẹ sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá pàdé di ńlá, kí ẹ fi àmì ìyanu sí ìparí, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Èyí kò ba nǹkan jẹ́, nítorí pé ọ̀dọ̀ dáìsì ni agbára rẹ̀ ti wá. Àwọn ọmọ yóò fẹ́ bá yín da dáìsì o. Ó sàn kí wọ́n ti sùn.

Ìkẹrin: kíkọ ọ́ kí ó ṣeé kà

Iṣẹ́ tó ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀ nìyí. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà wọn kò mọ̀ bóyá òdo ni tàbí lẹ́tà o. Ẹ fa ìlà gba inú òdo kọjá. Ẹ tẹ ìdí lẹ́tà l kọ́rọ́, kí ẹ sì fi fìlà sí orí òǹkà 1. Ẹ dábùú ìlà sí àárín z kí ó má baà jọ 2. Ẹ ṣọ́ s àti 5, u àti v. Ẹ fa ìlà sí abẹ́ lẹ́tà ńlá. Ẹ pín in ní mẹ́rin mẹ́rin kí ojú lè tẹ̀lé e, bí àpẹẹrẹ:

ímeèlì ńlá: R7kq 0mzd w3xh 8t!

Àlàfo inú rẹ̀ wà fún ojú nìkan, a kì í tẹ̀ ẹ́. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú èyí tí mo kọ síbí lò.) Ẹ ó rí i pé «ímeèlì ńlá» ni mo kọ, n kò kọ àdírẹ́sì ímeèlì náà ní kíkún, nítorí pé ìyẹn tí kò sí níbẹ̀ yóò da ẹni tó bá rí ìwé náà he láàmú díẹ̀. Ẹ má wá ṣe àṣejù. Mo ti rí ẹni tó kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn sẹ́yìn, tó tún fi òǹkà dípò lẹ́tà, tó sì wá jókòó ní ọjọ́ tó nílò rẹ̀ tó ń bá ìwé tirẹ̀ jà.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì náà pátápátá, kí ẹ sì tún wọlé nípa kíka ohun tó wà nínú ìwé lẹ́tà sí lẹ́tà, láìwo fóònù. Bí ó bá ṣí, ẹ kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá ṣí, ọjọ́ náà gan-an ni àtúnṣe rọrùn jù.

Fún ímeèlì àti àkáǹtì méjì tàbí mẹ́ta tó ṣe pàtàkì, àfikún kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, lẹ́tà mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ẹ kò ní kọ síbì kankan láé, kí ẹ máa fi kún ìparí ohun tó wà nínú ìwé. Ẹni tó bá jí ìwé náà, ìdajì ló jí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, nítorí pé bí àìsàn bá dáni dúró, tàbí tí ọlọ́jọ́ bá dé, àwọn ará ilé kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò ṣeé ṣí.

Ibi tí ìwé náà yóò máa wà

Olè kọ́ ló máa ń pa ìwé run jù nínú ilé Èkó. Omi, ikán, àti ẹni tó ń tún ilé ṣe ni. Ẹni tó ń gbé ní Ìdúmàgbò tàbí Orílé mọ ohun tí òjò oṣù keje máa ń ṣe fún ohun tó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi jọ́tà náà sínú ọ̀rá tó ṣeé pa lẹ́nu, kí ẹ fi ọ̀rá náà sínú ike onídèérí tó le, kí ẹ sì gbé e sí ibi tó ga díẹ̀ ju orókún lọ. Kí ó má kan ògiri, nítorí ara ògiri ni ikán ń gbà gòkè. Kí ó má sì sí ní òkè àjà, nítorí òrùlé tó ń jò.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ ìrọ̀rí, inú Bíbélì tàbí Kùránì, àti dúrọ́ọ̀ òkè nínú wọ́dìróòbù ni ẹni tó bá fọ́lé kọ́kọ́ ń tú. Àpò láptọ́ọ̀pù ló burú jù lọ, nítorí ẹni tó gbé e lọ ti gbé ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ lọ papọ̀. Ibi tó yẹ ni ibi tí ìwé ilẹ̀, sátífíkéètì àti ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ wà, nítorí pé gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé wọn kì í da nǹkan ibẹ̀ nù nígbà tí wọ́n bá ń kó lọ sí ilé mìíràn. Ẹni tó wà nínú yàrá kan ṣoṣo ní Múṣin tàbí Ṣómólú, níbi tí aládùúgbò ń wọlé wá yá iyọ̀, tí àbúrò ìyàwó sì ń sùn lórí ẹní, nílò àpótí irin kékeré tó ní àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ so mọ́ ti ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún agbo ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí a kò ti lè sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá wa pé kí ó má wọ yàrá.

Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì. Ọwọ́ ni kí ẹ fi dà á kọ. Ẹ má gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fótókọ́pì, níbi tí èrò dúró yí ẹ̀rọ ká, ẹ má sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, nítorí pé fọ́tò bẹ́ẹ̀ lè gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ sínú àkáǹtì tí ọ̀rọ̀ aṣínà náà ń ṣọ́. Ẹ fi ẹ̀dà náà sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ kọ ọjọ́, ẹ sì fi bíró fọwọ́ sí i ní ojú ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́, kí ẹ lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń gbé ní àdúgbò mìíràn ni kí ó wà. Bí ilé yín bá wà ní Súrùlérè, Ìkòròdú dára, nítorí pé iná tàbí omi kan náà kò ní dé ilé méjèèjì.

Àwọn tó ń béèrè

Ìwé náà kì í ṣe ohun tí a ń kà fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ẹ bá àwọn òbí yín sọ ọ́ kó yé wọn. Ìyá tó ń tajà ní Balọ́gun lè fi ọwọ́ kan ka owó, kí ó fi èkejì di fóònù mú tí ẹnì kan ń sọ nínú rẹ̀ pé, «Màmá, báǹkì ni o, ẹ ṣáà ka ọ̀rọ̀ aṣínà yín fún mi, kí wọ́n má baà ti àkáǹtì yín pa.» Ìdáhùn tí a lè kọ́ wọn kúrú: «Ìwé náà wà nílé, ọmọ mi ló máa kà á.» Kí wọ́n sì já fóònù. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà náà máa ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kí ó lè dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ dúró tì í, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣí fóònù náà.

Ìgbà tí a ń pààrọ̀, àti ìgbà tí ìwé bá sọnù

Kò pọn dandan láti máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ní ọdún 2017 ni NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà irú nǹkan báyìí kalẹ̀, sọ pé kí wọ́n má ṣe fi ipá mú ènìyàn pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo gba orí ti àtijọ́, kí ẹ kọ tuntun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n kan lè wà tó ṣì ń lo ti àtijọ́. Bí ìwé bá kún, ẹ da èyí tó wúlò kọ sínú òmíràn, kí ẹ sì jó ti àtijọ́ nínú kólúpọ́ọ̀tù títí yóò fi di eérú. Páńtí LAWMA kọ́ ni ibùsọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá wá ìwé náà tí ẹ kò rí i, ẹ má dúró kí ilé kọ́kọ́ pé jọ ṣèpàdé. Ẹ lọ mú ẹ̀dà kejì, kí ẹ jókòó ti fóònù tí ẹ mọ̀ pé ó jẹ́ tiyín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ímeèlì: ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ẹ lé gbogbo ẹ̀rọ mìíràn jáde kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wá béèrè kóòdù ìpamọ́ tuntun, nítorí pé bí Google bá ti fúnni ní mẹ́wàá mìíràn, ti àtijọ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí tó kan owó ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà PIN WhatsApp, lẹ́yìn náà àwọn yòókù bí àyè bá ṣe wà. Ẹ lè fi PUK síìmù sílẹ̀ bó ṣe wà, torí kò wúlò fún ẹni tí síìmù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.